Ìwé Àṣírí Mi Lọ́dọ̀ Alákàrà

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní ilé wa ní Ìkòsì, mo gbà pé ènìyàn pàtàkì ni mí, torí mo ní ìwé tí mò ń kọ ìgbé ayé mi sí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀yìn rẹ̀ pé ÀṢÍRÍ ŃLÁ, bíi pé ìjọba ń wá a kiri. Kí ló wà níbẹ̀? Ẹ̀wà tó jóná. Bí bàbá onílé ṣe ń hanrun. Àti ojú ewé kan tí mo ti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo fọ́ rédíò Daddy, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ na ẹ̀gbọ́n mi, Sister Bọ́lá, ní ẹgba mẹ́fà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé bí sáà bá ti parí, ọ̀dọ̀ alákàrà ni ìwé àtijọ́ ń lọ, kó lè máa fi di àkàrà. Mummy kó tiwa fún Ìyá Sikírà lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi wà níbẹ̀!

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àdúgbò ti ń kà mí. "Òǹkọ̀wé! Bàbá onílé ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, àbí?" ni mẹkáníìkì iwájú ilé wa wí, tó ń lá epo àkàrà lọ́wọ́. Ìyàwó bàbá onílé fúnra wọn bèèrè bóyá ó kù.

Ojú ewé rédíò ló ká mi lára. Daddy kì í jẹ àkàrà láìka ìwé tó dì í.

Mo sáré tọ alákàrà lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi di tèmi."

"Ṣé àkàrà lo wá rà ni, àbí ìwé?"

Mo ra àkàrà títí ikùn mi fi wú. Ojú ewé ìṣirò nìkan ni mò ń bá pàdé.

Ní Sátidé, Daddy rán Sister Bọ́lá ní àkàrà. Inú àwo ló gbé e dé.

"Ìwé rẹ̀ dà?"

"Ó ti fàya, sà."

Sister Bọ́lá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Odidi sáà kan ni mo fi bá a fọ abọ́. Bí mo bá ń lọ́ra, á kàn wúkọ́, á ní, "Rédíò." Eré ni mo máa ń sá!

Lóde òní, inú fóònù ni mò ń kọ ọ́ sí. Àfi kí n tẹ ìka mọ́ ọn kó tó ṣí, èmi tí ẹnikẹ́ni ò wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Sister Bọ́lá, má bínú." Mende tí ó ń gbé kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí alákàrà tó lè bá mi fi fóònù di nǹkan ránṣẹ́ sí i.