Ìyá Àdínì tí mo bá níbi àyẹ̀wò ọmú

Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀.

Kókó yọ sí ọmú màmá mi. Wọn ò gbà láti ṣe àyẹ̀wò, torí Ìyá Àdínì mọ́sáláásí wọn ní Siporex, àdúgbò wa, ti sọ pé obìnrin tó ń kírun kì í ṣí ọmú sílẹ̀ níwájú dókítà ọkùnrin.

Èmi lọ ṣe tèmi lónìí, ní ilé ìwòsàn kan ní Bingerville, tó jìnnà sí àdúgbò wa. Ta ni mo bá lórí bẹ́ńṣì? Ìyá Àdínì.

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fa ìbòrí bojú.

"Ọmọ mi, o ò rí mi níbí o."

"Ó dáa, mà. Ṣé dókítà obìnrin ni?"

"Ọkùnrin ni. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa."

Mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn màmá mi báyìí. Ẹ tètè dá mi lóhùn: ṣé kí n dákẹ́?