Ìyá Afẹ́fẹ́ Kì Í Jẹ́ Kí Sílíńdà Sùn Lófìfo

Ìyá Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe obìnrin náà, kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Òun ló ń bójú tó àwọn sílíńdà kéékèèké tí wọ́n ń rọ ọ́síjìn sí, èyí tí wọ́n máa ń gbé tẹ̀lé aláìsàn tí kò lè mí dáadáa, bí wọ́n bá ń gbé e láti wọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò àyà tàbí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá wà lórí ibùsùn, inú páìpù tó wà lára ògiri ni ọ́síjìn tirẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ògiri kì í báni rìn. Ẹni tó bá máa kúrò lórí ibùsùn, sílíńdà ni yóò sìn ín lọ.

Ọmọ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni. Láti kékeré ló ti máa ń jókòó ti bàbá rẹ̀, tí yóò máa wò ó bó ṣe ń fi omi ọṣẹ pa rọ́bà táyà láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ onígbàjámọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, ó bímọ fún un, ó sì ń tọ́jú ẹrù ní sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn náà. Ibẹ̀ ló wà tí ẹni tó ń mójú tó ọ́síjìn fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ní kó wá bọ́ sí ipò rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Àwọn irin tí wọ́n ń so sílíńdà mọ́ wà lára ògiri pẹ̀lú ṣéènì wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ṣéènì náà dì mú. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń ké pé kò sí ọ́síjìn. Obìnrin náà ní ilẹ̀ kò kúkú lanu gbé wọn mì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lọ wá wọn.

Ọ̀kan, ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń dá dúró ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Òmíràn wà ní balùwẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnura kọ́ ọ lọ́rùn. Ìgbà tó dé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ó rí nǹkan méjì tó sùn gbalaja lábẹ́ ibùsùn kan, tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ni wọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ń pè ní Màmá Má-fọwọ́-kàn-án. Ojú rẹ̀ nìkan tó láti mú ibà sá lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sùn síbẹ̀ yẹn?"

"Kò kàn ọ́."

"Mo kàn rí i pé irin ni ẹsẹ̀ wọn ni, mà."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì àgbà, ó gbé e mì. Ó fa Ìyá Afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jẹ́ n sọ òótọ́ fún ọ. Mo pe sítọ́ọ̀ yín lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kò sí. Aláìsàn mi ń mí bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀. Tí kì í bá ṣe pé mo sáré yá ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Látọjọ́ náà, mi ò fi ẹ̀mí èèyàn mi sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́."

Ìyá Afẹ́fẹ́ kò bá a jiyàn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó yé e báyìí pé kò sẹ́ni tó ń jí sílíńdà, ẹ̀rù ló ń ba gbogbo wọn. "Ẹ máa mú wọn lọ́wọ́, mà," ló wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wo orí wọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan kún dáadáa. Ọwọ́ géèjì èkejì, aago kékeré tó ń fi bí ọ́síjìn ṣe kù sí hàn, ti sùn sórí òdo. Ẹnu rẹ̀ kò dé tán, ó sì ti ń jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aṣọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá Afẹ́fẹ́ gbé òfìfo náà lọ, kò sì pẹ́ tó fi gbé òmíràn tó kún padà wá, ó gbé e sí gbangba níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, á yí gbogbo wọ́ọ̀dù ká. Èyí tó kún, á so aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́rùn. Èyí tó ti tán, aṣọ pupa. Ẹni tó bá lo ọ̀kan, kó ṣáà pè é. Kí wọ́n tó gbé aláìsàn padà dé, èyí tó kún ti dúró. Kò sì jẹ́ kí ẹni tó fi ìpara pa ọwọ́ fọwọ́ kan orí sílíńdà, nítorí ọ̀rá àti ọ́síjìn, bí wọ́n bá pàdé, iná lè sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ lọ fọwọ́ o, ìyá ọkọ yín ń bọ̀." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fọwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káfíńtà tí wọ́n pè láti wá kan pẹpẹ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù ọmọdé lu ihò kọjá ibi tó yẹ, ó sì gún páìpù ọ́síjìn. Wọ́n ní láti ti páìpù náà pa kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Dókítà àwọn ọmọdé ló pe fóònù.

"Ìyá Afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ògiri ti dákẹ́."

"Mo ń bọ̀, dókítà."

Ó kó gbogbo èyí tó wà ní yàrá rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ó tì í dé ibẹ̀ kíákíá. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì so ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ sílíńdà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé bí àtúnṣe bá pẹ́, èyí tó kó wá kò ní tó. Ó wá pe wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: "Ẹ dá ọ̀kan sí fún ara yín, ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Mo máa dá a padà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Bí wọn kò bá gbà á gbọ́ ńkọ́? Bí bùláńkẹ́ẹ̀tì bá tún bọ́ sórí sílíńdà ńkọ́?

Kò pẹ́ tó gbọ́ ìró táyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Má-fọwọ́-kàn-án fúnra rẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Má wò mí. Ibo la máa gbé e sí?"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin dé, yàrá iṣẹ́ abẹ náà dé. Ìyá Afẹ́fẹ́ dúró láàárín ibùsùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára géèjì. Kí ọwọ́ géèjì tó bọ́ sí ojú pupa tó ń sọ pé ó fẹ́ tán, ó ti pààrọ̀ sílíńdà. Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó di ìbòmú mọ́ ọn lẹ́nu, bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kò ní tán?"

"Yóò tán, mà. Ṣùgbọ́n òmíràn ti dúró lẹ́yìn ẹ̀."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀ bíi pé òun gan-an ni wọ́n fi ìbòmú sí lẹ́nu.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tún páìpù ṣe. Kò sí ọmọ kankan tí èémí rẹ̀ dúró. Dókítà di ọwọ́ Ìyá Afẹ́fẹ́ méjèèjì mú, ó dúpẹ́. Obìnrin náà kò tíì jókòó. Ó ń dá sílíńdà wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan padà, nítorí ó ti ṣèlérí. Ìgbà tó padà sí yàrá rẹ̀, ó fara ti ògiri, ó wo àwọn òfìfo tó tò kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́rùn. Ó mọ ibi tí ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Orí rẹ̀ wú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun nìkan.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ọkọ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ti fá ìdajì orí rẹ̀, ó gbàgbé ìdajì tó kù.

"Ẹ wò ó, òun ló ń bọ̀ yìí!" ni onígbàjámọ̀ wí. "Orí ló fi ru wọn, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

"Kẹ̀kẹ́ ni mo fi tì wọ́n, bàbá àwọn ọmọ."

"Ṣé ẹ gbọ́? Kì í gbéra ga rárá."

Oníbàárà fọwọ́ kan ìdajì orí rẹ̀ tó kù, ó ní òun kò kánjú, kí ìyá jókòó kó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìyá Afẹ́fẹ́ fa àga, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti fún un lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí káfíńtà. Níbi tí ọkọ rẹ̀ bá ti dá sí ọ̀rọ̀, tó fi iyọ̀ sí i, á tún un ṣe; níbi tí kò bá fi iyọ̀ kankan sí i, á dákẹ́, á jẹ́ kó sọ ọ́ kárí àdúgbò.