Alágbàfọ̀ Tó Fọ Ohun Tí Wọ́n Ní Kó Má Fọ̀

Alágbàfọ̀ yìí kì í jẹ́ kí àlejò rí ìdọ̀tí. Bí àbàwọ́n bá wà lára aṣọ oníbàárà, á ti rì í sínú omi ọṣẹ kí ẹlòmíì tó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìwà rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọkùnrin ni, ọkùnrin ló sì ń fẹ́. Ó ti pẹ́ tí òun àti dírẹ́bà kan ti jọ ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn rẹ̀ bí ẹni ń jẹun, débi pé àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wá rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń fún un lóògùn ní kò tíì bùṣe.

"Kòkòrò míì wà tí wọ́n ń pè ní HPV. Ó máa ń wà nínú ìdí. Oògùn tó o ń lò kì í pa á. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ."

"Ta ló máa ń mú jù, Mà?"

"Ẹni tó ti bá ọkùnrin púpọ̀ sùn láìlo rọ́bà. Ẹni tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an rí. Ẹni tó ń mu sìgá. Èwo ni tìẹ ńbẹ̀?"

Alágbàfọ̀ gbójú sókè wo àjà. "Gbogbo ẹ̀ ni, Mà."

"O ṣeun tó ò purọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi òwú nu inú ìdí ẹ, ká fi ṣàyẹ̀wò. Má fọ inú ẹ̀. Má fi nǹkan kan sí i."

Ó gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí alágbàfọ̀ gbé ìdí tí kò fọ̀ fún ìyá àgbàlagbà wò? Nígbà tí ọjọ́ pé, ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fọ̀ ọ́ tinú tòde, ó tún fi ìpara lé e.

Èsì dé. Òwú ò rí nǹkan gidi mú.

"O fọ̀ ọ́," nọ́ọ̀sì wí.

"Díẹ̀ ni, Mà."

"Ìpara ńkọ́?"

"Òun náà, díẹ̀ ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé aṣọ ni mo gbé wá fún ẹ ni? Ohun tí mò ń wá gan-an lo fọ̀ dànù. Padà wá."

Ó délé, ó ní òun ò lọ mọ́, ìtìjú ọ̀hún ti tó. Dírẹ́bà ń bọ́ bàtà lọ́wọ́.

"Má lọ. Bó bá di jẹjẹrẹ, ọṣẹ wo lo máa fi fọ ìyẹn?"

"Ẹnu ẹ ò dáa."

"Kò dáa, àmọ́ kò rùn bíi sìgá."

Alágbàfọ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ìtìjú ò pààyàn, jẹjẹrẹ ń pààyàn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ó padà lọ láìfọ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó di eyín pọ̀. Nọ́ọ̀sì fi òwú nu ún, kò pẹ́ tó àkókò téèyàn fi ń lọ ọrùn ẹ̀wù kan.

Kòkòrò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Awọ ibì kan ti ń yí padà, àmọ́ kò tíì di jẹjẹrẹ. Dókítà fi ẹ̀rọ sun ibẹ̀ dànù. Ó ta á fúngbà díẹ̀, ó sì jinná. Wọ́n ní kó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Sìgá ló ṣì ń bá a jà. Bó bá fi í sílẹ̀ lónìí, á tún wá a lọ lọ́la.

Nọ́ọ̀sì ní kí dírẹ́bà náà wá ṣàyẹ̀wò. Ọkùnrin tó ń fi ẹnu gún èèyàn yìí dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọlé mọ́.

Alágbàfọ̀ tì í lẹ́yìn. "Wọlé jàre. Mo ti lọ, mo ti bọ̀."