Abọ́ Súìtì Ọjọ́ Halloween

Lánàá, wọ́n fi bleach nu ilẹ̀ ọ́fíìsì wa, òórùn rẹ̀ sì bí mi nínú. Mo rántí ọ̀sán Halloween ìgbà Kòrónà, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé máa ń múra bí ẹranko tàbí iwin láti gba súìtì, nílé wa ní Tucker, ní Amẹ́ríkà. Mo wọ aṣọ kìnnìún. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bá Mummy ṣiṣẹ́ gbé abọ́ súìtì sí driveway iwájú ilé fún mi. Ni Daddy bá jáde, ó da òróró àdúrà sí i, ó tún da bleach lé e.

"Ẹ máa lọ. Ọdún èṣù ò ní wọ ilé mi."

Wọ́n lọ. Mo rò pé èṣù ni Daddy ń lé. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé Mummy, tó ń ti wọ́ọ̀dù Kòrónà bọ̀ lójoojúmọ́, ló ń bà á lẹ́rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mummy jáde tẹ̀lé Daddy, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Ó ku èmi. Ẹ dà á."

Daddy da bleach náà sí i lọ́wọ́.