Ìdọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀rọ

Àárò ohùn jẹ́jẹ́ ayálégbé mi n'Ìwó ṣì ń sọ mí. Ohùn olùkọ́ yunifásítì ayé ijọ́un ni, ṣùgbọ́n ìkà lẹni tó ni ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni bíbójú tó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀. Ọmọọṣẹ́ tó bá ṣàṣìṣe á dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ, tàbí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ètò kọ̀ǹpútà kan ń kú, ó ń jí, ó tún ń kú. Ọmọọṣẹ́ kan, baálé ilé láti Olúpọ̀nnà, ló bu àyè ìrántí tí kò tó fún un lórí ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi lọ ná."

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó. Ẹ wá wo ọkọ yín."

Ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá fi kún àyè náà, ètò sì dìde. Ọkùnrin náà fẹ́ dìde.

"Ẹ̀rọ ni mo jí dìde," lọ̀gá wí jẹ́jẹ́. "Ta ló ní kí ìwọ dìde?"