Ààrò Ńlá Tí Horace Catchpole Ń Wá

Ní abúlé àwọn Horace Catchpole ní Suffolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí onílé àtijọ́ tí kì í gbà pé ààrò ńlá kan fara pamọ́ sẹ́yìn ààrò kékeré ara ògiri tí òun ń yáná nídìí rẹ̀, èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi bíríkì dí, tó fẹ̀ débi pé tọkọtaya lè jókòó sínú rẹ̀. Horace gbà bẹ́ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ọgbọ́n orí rẹ̀ pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí i.

Orúnkún Winifred, ìyàwó rẹ̀, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kánkán. Òtútù ti wọ̀ ọ́, ìyàwó náà sì ti ń di ẹrù láti lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ìlú Ipswich. Ó ní bí òun bá lọ, òun ò mọ ìgbà tí òun máa padà. Horace ní kó fara balẹ̀, ààrò ńlá ń bọ̀. Bíríkìlà tó wá wò ó pe owó gọbọi. Horace ní kó máa lọ. Ẹni tó ti tún ojú irin rélùwéè ṣe láti kékeré, kí ni bíríkì fẹ́ fi ṣe é?

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé òòlù. Ìlà bíríkì kìíní yọ, èérí èéfín dúdú dà lé e lórí, inú rẹ̀ dùn. Ó bá ògiri mìíràn, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ó wà. Ó lù ú. Bíríkì kan já bọ́ sí òdìkejì, ìró rẹ̀ sì dà bí ohun tó bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó ki orí bọ ihò náà. Ìyáàfin Ablett ló rí, aládùúgbò tí kò kí i mọ́ láti ọjọ́ tí Horace ti gé òdòdó ọgbà rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ife tíì lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Catchpole. Mo ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀. Mo ní bóyá ẹ fẹ́ gba inú ilé wá parí ọgbà mi ni.”

Horace ní ààrò ńlá lòun ń wá.

“Ẹ ti rí i. Èmi ni mo ni ín.”

Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ilé kan ṣoṣo ni ilé méjèèjì tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó là á sí méjì, ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Ablett sì ni ààrò bọ́ sí. Ọ̀nà èéfín kan ṣoṣo ló yọ lórí òrùlé. Láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó ló ti ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò béèrè rí pé ta ni ẹnì kejì tó ń dáná sí i. Ewúrẹ́ pàápàá ì bá ti béèrè.

Winifred yọjú lábẹ́ apá rẹ̀. Ooru fẹ́ sí i lójú. Ìyáàfin Ablett wo orúnkún rẹ̀.

“Winifred, máa bọ̀ níbí. Àga Percy ọkọ mi ṣófo láti ìgbà tó ti kú.”

Winifred bọ́ kóòtù. Ó ní kí ọkọ òun fẹ ihò náà sí i, kí òun má baà máa gba inú ẹrẹ̀ ìta yí ká.

“Kó má ju ìwọ̀n Winifred lọ o,” ni Ìyáàfin Ablett wí. “Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀.”

Horace wo ìbàdí ìyàwó rẹ̀, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bíríkì pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.