Ogún Àga Màdáámù Moyọ̀sọ́rẹ

Gbogbo àga tó wà nílé-ìwé Òkè-Òkúta, èmi ni mo kàn wọ́n, kò sì sí èyí tó ń mì nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ẹ̀yìn wá bà mí lórúkọ jẹ́. Théophile ni mí, gbẹ́nàgbẹ́nà ará àdúgbò Adido nílùú Ṣábẹ̀ẹ́. Àga gígùn ni wọ́n, tábìlì wà lára wọn níwájú, ọmọ méjì-méjì ní í jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àga àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi, tó ní ihò roboto lórí tábìlì, níbi tí àwọn bàbá wa ti máa ń gbé ìgò yíǹkì sí. Èmi náà lu ihò sí gbogbo tèmi. Àwọn olùkọ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Bàbá, ta ló tún ń fi yíǹkì kọ̀wé láyé tí a wà yìí?" Mo ní iṣẹ́ tí wọ́n bá fi hàn mí ni mò ń ṣe.

Ihò yẹn ló kó wa sí wàhálà. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ fi rí i pé ìgò bíà ṣe wẹ́kú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbi òkú, tó gbé abọ́ iyán lé tábìlì, tó ki ìgò bọ inú ihò, ìyẹn ò ní fẹ́ dìde mọ́. Bí èèyàn bá ti kú báyìí, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ olóògbé, wọ́n á ti ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa pé àwọn ń bọ̀ wá yá àga.

Màdáámù Moyọ̀sọ́rẹ, ọ̀gá ilé-ìwé, ló sì kọ́ wọn ní ìkọ́kùkọ́ yẹn. Ọmọ Sakété ni, ìjọba ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n tó bá pe ọmọ kan láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì, gbogbo àwọn tó wà lóko á dáhùn. Ọjọ́ tó dé, ọmọ mẹ́tàlélógún péré ló bá níbẹ̀, àti ewúrẹ́ mẹ́sàn-án tó ń sùn ní kíláàsì kejì. Ó lé ewúrẹ́ jáde, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn èèyàn wa ò dá a lóhùn. Wọ́n ní obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wàdùwàdù báyìí, kí ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ àwọn?

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá arúgbó kan kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ò sì rí nǹkan tí àlejò máa jókòó lé. Màdáámù ní kí wọ́n wá kó àga ilé-ìwé. Ó tún bá wọn rù ú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, ọmọ tuntun mẹ́rìndínlógún ló tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lónìí, ọmọ igba ó lé díẹ̀ la ní. Ṣùgbọ́n èmi bínú sí i o! Gbogbo ìgbà tí àga mi bá jáde, ọgbẹ́ ló ń gbé bọ̀. Mo ní kó dẹ́kun. Ó ní, "Bàbá Théophile, ẹni tó bá ti jókòó lórí àga mi, ó ti di òbí ilé-ìwé nìyẹn. Kò lè sọ pé òun ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́."

Ohun kan ló ń dùn ún lọ́kàn. Ilé-ìwé wa ò ní kíláàsì kẹfà, CM2 tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ tó bá parí kíláàsì karùn-ún lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé mìíràn lódìkejì ọ̀nà Parakou, níbi tí tirela ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀pọ̀ òbí kì í gbà, pàápàá fún ọmọbìnrin. Lọ́dún tó kọjá, nínú ọmọ mọ́kàndínlógún, méje péré ló lọ. Àwọn yòókù ń ṣa kajú. Chancelle, ọmọ ọmọ mi, wà ní kíláàsì karùn-ún, ìyá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ òun ò ní gba ọ̀nà yẹn láéláé. Ọmọ tó mọ ìṣirò ju èmi tí mò ń fi ìwọ̀n jẹun lọ! Màdáámù sì máa fẹ̀yìn tì lóṣù kẹwàá. Ó ní ilé tí òun bá kọ́, òun ò ní fi í sílẹ̀ láìbo orí rẹ̀.

Ni gbogbo wa bá dìde. Àwọn òbí mọ yàrá kan, wọ́n gbé pákó wá, mo kan ogún àga tuntun. Ó wá ku Mùsíọ̀ Aristide, ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní àgbègbè wa. Láti Cotonou ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó kọ̀wé pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀: bí òun bá bá yàrá àti ogún àga níbẹ̀, òun á fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá dín, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Ní ìsàlẹ̀ ìwé kan náà, ó fi kún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àga ilé-ìwé jáde mọ́ fún ìnáwó kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, obìnrin kan wọlé wá láti àdúgbò Plateau, ojú rẹ̀ ti wú. Élodie lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Kọ́lápọ̀, ló kú, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sin ín. Ó ní ọkọ òun ló yẹ kó wá àga, iṣẹ́ àna ni, ṣùgbọ́n ọkọ òun ní kí òun wá a níbikíbi tó bá wù òun, kí òun má dà á láàmú.

Àwọn ọmọ wà lórí àga yòókù, ogún tuntun yẹn nìkan ló ṣófo. Mo wo Màdáámù. Mo mi orí. Mo tún mi í.

Ó bi í pé, "Ìgbà wo lẹ máa dá a padà?"

"Ọjọ́ Àìkú nírọ̀lẹ́, Màdáámù. Mo fi bàbá mi búra."

Nígbà tí kàmíọ̀n akẹ́rù gbé ogún àga mi lọ, mo pariwo dé góńgó. Màdáámù ní, "Bí mo bá lé ọmọ olóòkú, ta ni mo wá jẹ́ nílùú yìí?" Mo ní ẹni tó ní CM2 ni. Ó kàn ń wo yàrá òfìfo náà, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí Plateau láti ṣọ́ àga mi. Wọ́n ti da aṣọ funfun bo àwọn tábìlì, ìgò ti wà nínú ihò gbogbo. Ọkùnrin sàn-án-gun kan wọlé pẹ̀lú agbádá búlúù, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ilé, ó jókòó. Nígbà tó fẹ́ dìde, a gbọ́ "fààà!" Ìṣó kan ló fa agbádá náà ya láti ìdí dé èjìká. Ó fi ìbínú kígbe pé, "Gbẹ́nàgbẹ́nà burúkú wo ló kan èyí?" Mo sáré tẹjú mọ́ iyán mi. Ìṣó kan ṣoṣo, Ọlọ́run mi, nínú ogún àga! Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ni. Ó ní, "Ọkọ Élodie ni. Òun ni ọ̀gá àwọn ilé-ìwé." Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń bá iyán mi lọ.

Mi ò sọ fún Màdáámù. Mo ní kí àga kàn ti padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹbí tó wà ní Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìnáwó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kàmíọ̀n tó yẹ kó kó àga bọ̀ ti lọ kó kajú.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ géérégé, Mùsíọ̀ Aristide wọ yàrá tuntun. Kò sí nǹkankan níbẹ̀ àfi aláǹgbá kan.

"Màdáámù, àga dà?"

"Wọ́n wà níbi ìsìnkú, ọ̀gá." Kò purọ́. Kò tilẹ̀ tẹ orí ba.

Ọkùnrin náà gbaná jẹ. Ṣé kò rí ìwé òun ni? Ṣé ilé-ìwé ni èyí àbí ilé ọlọ́tí? Ó fa bíìkì yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé. Mo rí Chancelle lójú fèrèsé kíláàsì karùn-ún, ó na ọrùn, ó ń wò wá. Ara mi ò gbà á mọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, agbádá búlúù yẹn, ṣé wọ́n ti bá yín rán an?"

Bíìkì dúró. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìṣó tó ya á, èmi ni mo kàn án. Ẹ foríjì mí. Àga ilé-ìwé yìí lẹ jókòó lé."

Ó yíjú sí Màdáámù. Màdáámù ní, "Ìyàwó yín ò sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ fún mi, ọ̀gá. Òkú ló bẹ̀ mí." Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó pe Élodie lórí fóònù. Ohùn obìnrin náà jáde ketekete: "Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá a níbikíbi! Àwọn àgbà ṣì wà lórí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba àga nídìí wọn, ẹ wá sọ fún wọn fúnra yín."

Ọ̀gá tí gbogbo olùkọ́ ń gbọ̀n fún, ẹ wá wò ó nílé àna rẹ̀! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kíláàsì kẹfà títí òógùn fi bò ó. Àǹtí ìyàwó rẹ̀ tó dàgbà jù ní, "Ọkọ ọmọ wa, ọ̀rọ̀ yín ti yé wa. Kò sí kàmíọ̀n. Àga kan lórí ẹnì kan, ẹ̀yin náà ẹ ru tiyín."

Bí wọ́n ṣe tò láti Plateau dé Òkè-Òkúta nìyẹn, aṣọ òkú lọ́rùn, àga lórí, wọ́n ń kọrin. Àwọn tó ń ta kajú lẹ́bàá ọ̀nà fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màdáámù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà wọ́n bó ṣe máa ń ka ọmọ. Ẹni ogún, Mùsíọ̀ Aristide ni. Ó sọ àga kalẹ̀, ó fọwọ́ wá ìṣó náà kó tó jókòó, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Màdáámù wọ inú yàrá lọ, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín.

Kíláàsì kẹfà bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án pẹ̀lú ọmọ méjìlélógún. Chancelle wà níwájú pátápátá. Ihò tábìlì rẹ̀ ṣì ń rùn bíà díẹ̀, ó ti ki ọsàn bọ̀ ọ́.

Lóṣù kẹwàá, a fẹ́ ṣe ìdágbére fún Màdáámù lágbàlá ilé-ìwé. Gbogbo ìlú dé, àwọn ará Plateau dé, Mùsíọ̀ Aristide dé pẹ̀lú agbádá tí wọ́n ti lẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ kó àga jáde.

Màdáámù ní, "Àga wo? Àwọn ọmọ wà lórí ẹ̀."

"Wákàtí kan péré, Màdáámù. Tiyín nìyí o!"

"Rárá." Ó wo gbogbo wa. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yá yín ní àga. Lónìí, ẹ yá mi ní ẹsẹ̀ yín."

A dúró nínú oòrùn, àgbà àti ọmọdé, títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Láti ojú fèrèsé, à ń gbọ́ ohùn olùkọ́ kíláàsì kẹfà tó ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn láti kọ. Chancelle ò gbójú sókè wò wá lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún ń ro mí, mo sì dúró.